Bí jìtá béèsì bá ń kùn: Ẹ yẹ iná wò kí ẹ tó dá pickup lẹ́bi

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́ fún àdúrà ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ara jìtá béèsì wọn kò yá. Ìlù ti dákẹ́, dùùrù ti dákẹ́, àwọn akọrin ti dijú, ṣùgbọ́n ohùn kan ń kùn lábẹ́lẹ̀ láti inú kọ́ńbò, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn béèsì jáde, bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú agbè. Olùdarí orin yóò yíjú sí ọmọkùnrin tó gbé jìtá kọ́rùn. Òun náà yóò sáré fọwọ́ kan okùn jìtá rẹ̀, ariwo náà yóò rọlẹ̀. Bó bá ti gbọ́wọ́ kúrò, ó tún dé. Kí ìsìn tó parí, ìdájọ́ ti jáde: pickup ti bàjẹ́, àfi kí wọ́n ra tuntun.

Ìdájọ́ yìí kì í sábà tọ̀nà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ní ti ariwo inú jìtá béèsì, kòkòrò náà lè wà ní ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè wà nínú wáyà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè wà lára iná tó wà lájà, tàbí kó wà lẹ́yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké. Pickup tuntun kì í ṣe ọjà kékeré, ó sì máa ń dun olórin tó bá ra ọ̀kan, tó fi sí i tán, tó wá rí i pé ariwo àná ló tún ń kí òun káàárọ̀. Èyí tó burú ju owó lọ ni pé ariwo náà lè jẹ́ àmì ewu. Iná tí kò ní áàtì lè máa kígbe nínú kọ́ńbò, kí olórin sì máa fi ìka àti ètè ara rẹ̀ dá a lóhùn láìmọ̀.

Iṣẹ́ tí pickup ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Òòfà ni, tí wọ́n we wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin sì ni okùn jìtá béèsì. Bí olórin bá ta okùn náà, tí ó ń gbọ̀n lókè òòfà, agbára òòfà náà á máa mì, mímì yẹn á sì bí iná kékeré kan sínú ìdì wáyà náà. Iná kékeré yìí ló ń gba inú wáyà lọ sí kọ́ńbò, tí kọ́ńbò á sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Àléébù ibẹ̀ ni pé pickup kò mọ bí wọ́n ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Agbára òòfà yòówù tó bá ń mì ní àyíká rẹ̀ ni yóò gbé: ti okùn jìtá, ti tiráńsífọ́mà tó wà nínú kọ́ńbò fúnra rẹ̀, ti iná gbọọrọ tó wà lájà, ti wáyà iná tó gba inú ògiri kọjá. Kọ́ńbò náà kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Ohun tó bá ti wọlé ni yóò sọ di ńlá.

Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí iye yìí ń mú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bá G ìsàlẹ̀ dọ́gba, èyí tí olórin béèsì ń tẹ̀ ní ojú kẹta lórí okùn E, nítorí pé okùn náà ń gbọ̀n níbẹ̀ ní ìgbà 49. Ẹni tó bá ní etí orin yóò ṣàkíyèsí pé G ni ariwo náà ń kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yálà orin tí wọ́n ń kọ wà ní G tàbí kò sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 60, ariwo tiwọn bọ́ sí àárín B-flat àti B. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" tilẹ̀ tún yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá tan fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, ẹ̀rọ náà á fà sẹ́yìn díẹ̀, á tún sáré, ohùn ariwo inú jìtá á sì máa tẹ̀lé e lọ sókè sódò. Ariwo tó bá ń rìn bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé inú iná ni òun ti wá.

Kì í ṣe òní ni àwọn tó ń ṣe jìtá ti ń bá ìkùn yìí jà. Nígbà tí Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní California ní 1951, pickup tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, irú èyí tó máa ń gbé ìkùn iná wọlé. Ní 1955, Seth Lover tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Gibson kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí pickup tó ní ìdì wáyà méjì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ìdì méjèèjì ń gbọ́ ariwo ìta bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n so wọ́n lódìlódì, wọ́n sì tún dorí òòfà ọ̀kan kodò, débi pé ariwo ti ọ̀tún ń pa ti òsì, ohùn okùn méjèèjì sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ní 1957, Fender náà pín pickup Precision sí ọ̀nà méjì, ìdajì fún okùn méjì tó nípọn, ìdajì fún okùn méjì tó kù, ọgbọ́n kan náà ló sì wà nínú wọn. Nítorí náà, bí Precision òde òní bá ń kùn kíkankíkan, ẹni tó gbọ́n yóò wo ibòmíràn kó tó wo pickup rẹ̀.

Jazz Bass tó jáde ní 1960 ló ń da àwọn olórin láàmú jù. Pickup méjì ló wà lára rẹ̀, ìdì wáyà kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì ohùn sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so méjèèjì lódìlódì, tó fi jẹ́ pé bí bọ́tìnì méjèèjì bá wà lókè tán, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n bí olórin bá yí ọ̀kan wálẹ̀ kí ohùn lè dùn bó ṣe fẹ́ ẹ, pickup kejì di àpọ́n, kò sí ẹni tí yóò bá a pa ariwo mọ́, ìkùn á sì dé. Ìwà rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ jìtá olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe ní àwòrán Jazz Bass yìí, ọ̀dọ́mọdé olórin tí kò sì mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ bọ́tìnì méjì yìí lè gbé e lọ fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn tó ń wádìí ariwo dáadáa kì í kọ́kọ́ tú jìtá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹni tó pààrọ̀ wáyà, tó tún pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ kan náà, kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn. Bọ́tìnì ohùn ara jìtá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yí wálẹ̀ pátápátá. Bí ariwo kò bá yí padà, jìtá ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ó ku wáyà, kọ́ńbò àti iná. Wọn á wá yọ wáyà kúrò lára kọ́ńbò. Bí kọ́ńbò tí kò so mọ́ jìtá kankan bá ṣì ń kùn, inú ara rẹ̀ ni àìsàn wà tàbí nínú iná tó ń mu. Kọ́ńbò tó ti pẹ́, tí ìkùn rẹ̀ jẹ́ G tó ga ju ti ìṣáájú lọ, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sábà máa ń jẹ́ èyí tí kapásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ ti gbó. Iṣẹ́ oníṣẹ́ rédíò nìyẹn o, kí olórin má tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí pé kapásítọ̀ lè di iná mú sínú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú ògiri.

Wáyà jìtá pàápàá yẹ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wáyà tó yẹ kó so jìtá mọ́ kọ́ńbò ní okùn kan láàárín, wọ́n sì hun wáyà mìíràn bò ó yíká bí ẹni wọ ẹ̀wù fún un, kí ariwo ìta má baà ráyè wọlé. Wáyà sípíkà kò ní ẹ̀wù yìí, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ló lè wà lórí méjèèjì. Nínú ìkánjú ọjọ́ òde, ẹni tó ń to ohun èèlò lè fa wáyà sípíkà yọ nínú àpò, kó fi so béèsì, ariwo tó máa tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí ẹ̀wù inú rẹ̀ ti já níbi ẹnu. Wáyà òmíràn tí wọ́n mọ̀ pé ó dára ni kí wọ́n fi dán an wò.

Bí ariwo bá dákẹ́ nígbà tí bọ́tìnì ohùn wálẹ̀, tó sì padà bó ṣe ń gòkè, ọ̀rọ̀ ti wá di ti jìtá àti àyíká rẹ̀. Kí olórin dìde, kó rọra yí ara rẹ̀ po bí ẹni tó ń wá ibi tí fóònù ti lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ariwo bá ń rọlẹ̀ ní apá kan tó sì ń le ní apá kejì, agbára òòfà tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni pickup rẹ̀ ń gbé. Ìwòsàn rẹ̀ ni kó jìnnà sí kọ́ńbò díẹ̀, kí wọ́n pa iná gbọọrọ tó wà lókè rẹ̀, tàbí kó fi pickup onídìí méjì rọ́pò ti onídìí kan. Bébà bàbà tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò jìtá kò lè wo irú ìkùn yìí sàn, nítorí pé agbára òòfà ń gba inú bàbà fẹ́lẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti lẹ bébà náà dé ọrùn tí ìkùn ò kúrò, tí wọ́n wá ń bínú sí ẹni tó tà á fún wọn.

Ariwo tí bébà bàbà lè wò ni èyí tó ń há, tí kò nípọn, tó sì ń rọlẹ̀ bí olórin bá fọwọ́ kan okùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara ènìyàn ń gba ariwo iná inú yàrá bí eríà rédíò, ó sì ń tàn án sára jìtá. Bí ó bá fọwọ́ kan okùn, tí okùn sì so mọ́ wáyà ilẹ̀ tó wà nínú jìtá, ariwo ara rẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ. Ìyẹn fi hàn pé wáyà tó so afárá tí okùn dúró lé mọ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀wù tó yẹ kó bo inú jìtá ni kò tó. Kí wọ́n fi bébà bàbà tẹ́ ihò pickup àti ihò bọ́tìnì, kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀, èyí tí wọ́n bá gbàgbé láti so kò ní ṣiṣẹ́ kankan.

Bí fífọwọ́kan okùn kò bá yí nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n tí ariwo rọlẹ̀ nígbà tí ó fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà, a jẹ́ pé wáyà abẹ́ afárá ti já. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń jó lẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ariwo ń pọ̀ sí i nígbà tí ọwọ́ kan okùn, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tún jìtá náà ṣe gbẹ̀yìn ti gbé wáyà méjì ẹnu jáàkì fún ara wọn. Pickup kan wà ṣá o tí ìdánwò yìí kò bá mu: àwọn tó ń ṣe EMG oníbátìrì ní kí ẹnikẹ́ni má so wáyà afárá mọ́ tiwọn rárá, nítorí náà okùn tó bá jókòó lórí wọn kò ní sọ ohunkóhun fún ọwọ́.

Mítà kékeré tí àwọn oníná ń gbé káàkiri lè parí iyàn lórí pickup fúnra rẹ̀. Pickup Precision tí ara rẹ̀ le máa ń ka nǹkan bí 10,000 sí 12,000 ohm, ti Jazz sì máa ń wà ní nǹkan bí 7,000 sí 8,000. Bí mítà kò bá ka ohunkóhun, wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já, pickup náà ti kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí pickup bá kú, ohun tí olórin kọ́kọ́ máa ń rí ni pé ohùn rẹ̀ dákẹ́ tàbí pé ó tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn.

Àwọn ariwo mìíràn wà tí kì í ṣe ìkùn, etí ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó ń há kàrà-kàrà nígbà tí wọ́n yí bọ́tìnì, eruku ló wọ inú bọ́tìnì náà, oògùn ìfọbọ́tìnì tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń fín ló ń wò ó. Èyí tó ń já tó ń so bí olórin ṣe ń jó, jáàkì ló ti dẹ̀. Èyí tó ń dún "tọ́" nígbà tí okùn tó nípọn jù bá lu pickup, wọ́n gbé pickup ga jù ni. Èyí tó ń súfèé bí olórin bá dúró níwájú kọ́ńbò tó ń ké, ìdì wáyà inú pickup ló ń gbọ̀n nítorí pé àbẹ́là tí wọ́n fi ń dì í kò wọ inú rẹ̀ dáadáa. Jìtá oníbátìrì tí ohùn rẹ̀ ń ya bí aṣọ, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì volt 9 ìdí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ kì í yọ wáyà lẹ́nu jìtá lẹ́yìn ìsìn, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì náà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá wà níbẹ̀. Ariwo "títítí-títítí" tó ń dédé wọlé tó sì ń lọ, fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò olórin fúnra rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001 ni ìyẹn ti di ará ilé.

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ tí ìka lè yanjú ni. Ọ̀rọ̀ iná ló gba ìfarabalẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onítàapá mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú un wá, ihò òkè tó gùn jù ló sì jẹ́ ti áàtì. Iṣẹ́ áàtì ni pé bí iná bá ṣàdédé jò sára irin kọ́ńbò, kó gba ibẹ̀ sá wọ inú ilẹ̀, kí fíúùsì sì já, dípò kó dúró de ọwọ́ ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ihò òkè yẹn ṣófo lẹ́yìn. Rìwáyà kò fa wáyà kankan dé ibẹ̀. Níbi tó tilẹ̀ wà, àwọn ènìyàn ti mọ ọgbọ́n àtifi ìdérí báírò ti ihò náà kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Kọ́ńbò tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, tó ń lo volt 120, gbọ́dọ̀ gba inú tiráńsífọ́mà kọjá, ọ̀pọ̀ tiráńsífọ́mà bẹ́ẹ̀ ni kì í sì gbé áàtì kọjá sí òdìkejì. Kọ́ńbò náà wá di ẹni tó wà lókè òfuurufú, kò kan ilẹ̀. Ó ń kùn, jìtá tó so mọ́ ọn náà ń kùn, okùn jìtá sì ń ta ọwọ́ olórin kíún-kíún bí ẹni pé kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá ń dojú rú ni pé ìgbà mìíràn wà tí áàtì pọ̀ jù. Bí kọ́ńbò bá ń mu iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn pẹpẹ, tí míkísà wà lápá ẹnu ọ̀nà níbi tó ti ń mu iná láti ibòmíràn, tí wáyà sì tún so kọ́ńbò mọ́ míkísà, ọ̀nà méjì ni áàtì ní láti dé ilẹ̀, ìkùn á sì máa yí po láàárín méjèèjì. Ẹnì kan á wá ṣàwárí pé bí òun bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì kọ́ńbò, ariwo á dákẹ́ wẹ́lo. Wọn á pàtẹ́wọ́ fún un. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ dànù ni ohun kan ṣoṣo tó dúró láàárín olórin àti iná.

Ìtàn ti fi ibi tí èyí lè já sí hàn. Ní oṣù Kárùn-ún 1972, Leslie Harvey, ọmọ Scotland tó ń ta jìtá nínú ẹgbẹ́ Stone the Crows, wà lórí pèpéle ní Swansea ní ilẹ̀ Wales. Ó fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní áàtì nígbà tí okùn jìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni iná ti pa á lójú àwọn òǹwòran. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù Kárùn-ún 1976, Keith Relf tó ti ń kọrin fún ẹgbẹ́ Yardbirds kú nínú ilé rẹ̀ nígbà tó ń ta jìtá oníná tí áàtì rẹ̀ kò péye. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn dunjú.

Nítorí náà, olórin tó ń ta béèsì tó tún ń kọrin ló wà nínú ewu jù, nítorí pé okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, makirofóònù wà ní ètè rẹ̀. Kí ẹnì kan tó kọ orin ìkínní, kí wọ́n fi ẹnu mítà kan kan okùn jìtá, kí wọ́n fi èkejì kan irin makirofóònù, kí mítà wà ní ibi tí wọ́n ti ń ka volt iná ìjọba. Bí ó bá ka volt díẹ̀, tí kò tó mẹ́wàá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ewu. Bí ó bá ka mẹ́wàá mẹ́wàá lọ sókè, kí wọ́n pa gbogbo iná ná kí wọ́n tó máa wá ìdí rẹ̀. RCD, ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná tó tó 30 milliamp bá ń jò, ṣeé fi sí orí wáyà extension tó ń fún àwọn olórin níná, iye tí wọ́n ń tà á kò sì tó iye jìtá béèsì kan.

Fún ìkùn tó wà láàárín kọ́ńbò àti míkísà, ọ̀nà tó mọ́ wà. Kí àwọn méjèèjì mu iná láti orí extension kan náà, kó jẹ́ pé ibì kan ni áàtì wọn ti pàdé. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní DI ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ "ground lift" sí. Bọ́tìnì yẹn ń já ilẹ̀ tó wà nínú wáyà ohùn nìkan, kò fọwọ́ kan áàtì iná. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín títẹ bọ́tìnì yẹn àti ṣíṣẹ́ ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ni ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn ti fèrèsé àti kí ó wó ògiri.

Ariwo tuntun kan tún ti wọ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù Kárùn-ún 2023, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ẹgbẹ́ olórin ló ti yà sí ọ̀dọ̀ ínfátà àti iná oòrùn. Ínfátà tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára ń mú iná tó rọ̀ jáde bí ti ìjọba. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iná rẹ̀ ń fò láti ìpele dé ìpele bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ìró tó sì ń bí sínú jìtá kì í nípọn, ó ń há bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta ínfátà ni kì í sọ èyí fún oníbàárà àyàfi tí ó bá béèrè. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n fi jìtá sínú ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń fi etí gbọ́. Bí ariwo bá kúrò pátápátá, ínfátà ló ni ẹjọ́.

Ó yani lẹ́nu pé àwọn tó ń rówó ra sípíkà ńláńlá mẹ́rin, tí wọ́n ń ra dùùrù tuntun ní ọdọọdún, kì í fẹ́ gbọ́ nípa ọ̀pá áàtì. Ọ̀pá bàbà kan ni, tí oníná máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tó máa fi wáyà so mọ́ àpótí ìpíniná. Jẹnẹrétọ̀ náà yẹ kó ní tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló jókòó sórí táyà tàbí pákó, tí kò kan ilẹ̀ níbi kankan. Ọ̀pá tí wọ́n rì sórí àpáta tàbí ilẹ̀ gbígbẹ kò wúlò tó èyí tó wà nínú ilẹ̀ tútù, ìdí nìyẹn tí àwọn oníná fi máa ń da èédú àti iyọ̀ sínú ihò náà kí wọ́n tó bò ó. Béèsì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní oṣù Keje lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní oṣù Kìíní nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, kí jìtá má sì ní àìsàn kankan. Korobá omi kan ní ìdí ọ̀pá ni wọ́n ó kọ́kọ́ fi dán an wò.